Ibi Tí Ọ̀gá Ti Wò

Ẹ bá mi wò ó o. Ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó dá irùngbọ̀n sí, tó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láàárọ̀ kó sì tò ó padà kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, òun náà ni wọ́n ṣì ń rán lọ bu omi ìfọwọ́ wá. Razack lorúkọ rẹ̀. Bantè ni wọ́n ti bí i, Bantè náà ló ti ń kọ́ iṣẹ́ mọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ousmane, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí ọ̀nà Savalou. Ọdún méje ni wọ́n jọ ṣàdéhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1956, ọdún kẹsàn-án ló ń lọ. Bí inú bá ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bí mi. Ta ni irú ẹ̀ ò ní bí nínú?

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè ní, kí ló dé tí kò kó ẹrù rẹ̀ kúrò? Ó rọrùn lẹ́nu! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kọ́ṣẹ́ kò tíì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi tú u sílẹ̀. Ọ̀gá á pe àwọn àgbà jọ, wọn á ṣe àdúà, á da àtíkè sí ọmọṣẹ́ lórí, á fi sípánà lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé. Bí wọn ò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ, bí o tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ju òyìnbó tó ṣe mọ́tò lọ, asán ni. Lọ dá ìsọ̀ tìrẹ sílẹ̀ ná. Awakọ̀ àkọ́kọ́ tó bá yà bá ọ ni yóò bi ọ́ pé, "Ta ló tú ọ sílẹ̀?" Bí o bá ti ń ká ọ̀rọ̀ mọ́nu, á ní òun ń bọ̀, o ò sì ní rí i mọ́. Láti Savalou títí dé òkè Pira, kò sí awakọ̀ tí kò mọ Ousmane, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé Razack ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ibo ló fẹ́ sá gbà?

Nígbà tí ọdún méje pé, Ọ̀gá ní irinṣẹ́ tí òun fẹ́ fi tú u sílẹ̀ kò tíì pé. Nígbà tí ọdún kẹjọ pé, ó ní ọwọ́ Razack ò tíì balẹ̀. Ọwọ́ tí kò balẹ̀ kẹ̀! Ọwọ́ yẹn náà ni Ọ̀gá ń gbé ara lé láti àárọ̀ dalẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, á ní, "Mẹ́rìnlá!" Razack á sáré fi sípánà mẹ́rìnlá lé e lọ́wọ́. "Mẹ́wàá!" Mẹ́wàá á balẹ̀ síbẹ̀. "Ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára nǹkan yìí fún mi." Razack á kà á. Ó ti tó ọdún méjì tí Ọ̀gá kò ti bẹ̀rẹ̀ mú irinṣẹ́ nílẹ̀ mọ́. Razack rò pé ipò ọ̀gá ló ń gùn ún. Ó ń bí i nínú, ó ń gbé e mì.

Bó bá ṣe pé òun nìkan ni, bóyá ì bá fara dà á. Ṣùgbọ́n Sakinatou wà ní Savalou. Aránṣọ ni Sakinatou, ọmọ Alàájì Idrissou tó ń ta aṣọ. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń sọ èdè wa, ó ń sọ ti àwọn Mahi, ó sì lè fi méjèèjì bú ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Razack ti ń kọ́ṣẹ́ tó ọdún mẹ́rin kí Sakinatou tó lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní báyìí wọ́n ti tú Sakinatou sílẹ̀.

"Razack," ló máa ń wí, "èmi tó o kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, èmi ti gba ìtúsílẹ̀ tèmi. Ṣé mọ́tò lò ń kọ́ níbẹ̀ yẹn, àbí bí wọ́n ṣe ń darúgbó?"

Á rẹ́rìn-ín, Razack náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í dé inú. Alàájì Idrissou ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò sì fi ẹ̀rín sí i. Ó ní òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tó ṣì wà lábẹ́ ènìyàn. Bí Ousmane bá tú u sílẹ̀, òun máa fún un ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun ní Savalou, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sì fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bí iṣu tuntun bá wọ ọjà Savalou tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, kí Razack má wulẹ̀ wá kí òun mọ́. Oṣù kẹfà ni wọ́n wà nígbà náà. Iṣu kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni mọ́tò Mùsé Félicien ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Olùkọ́ àgbà ni Félicien, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Mùsé, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, ẹni tí kì í bọ́ ìbọ̀sẹ̀ bí oòrùn tilẹ̀ ń pa ewúrẹ́. Ó ra mọ́tò àlòkù kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé. Mọ́tò náà ti gbó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún bí ẹni tó ń jẹ obì. Ìdààmú tó wà lára rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Iná pupa kékeré kan wà lójú pátákó iwájú awakọ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ. Bí o bá ṣí kọ́kọ́rọ́, á tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá dìde, iná náà á kú. Bó bá wá tún tàn lójú ọ̀nà, ohun tó ń sọ ni pé epo ò rìn dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ jóná. Ìwé tí òyìnbó fi sílẹ̀ nínú mọ́tò kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: bí iná yìí bá tàn, dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mùsé Félicien sì gba ìwé gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí iná bá tàn, á dúró. Bó bá ti dúró, iná á kú. Á dúró de ẹ́ńjìnnì kó tutù, á tún gbéra, iná á tún tàn, á tún dúró. Lọ́jọ́ kan tí òun àti Geneviève ìyàwó rẹ̀ ń lọ Savalou, obìnrin kan tó ru igbá iṣu bá wọn lọ́nà, ó kí wọn, ó kọjá. Mọ́tò lé e bá, ó kọjá lára rẹ̀, ó tún dúró. Obìnrin náà tún bá wọn, ó tún kí wọn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ní, "Mùsé, ẹ jẹ́ n bá yín ru ẹrù yín, ó máa tètè dé." Geneviève rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àwọn ilé ìwé tó wà ní Savalou ń retí rẹ̀ lóṣooṣù, oṣù méjì ló sì ti pẹ́ dé tẹ̀ léra.

Ó wọ́ mọ́tò wá sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní bí wọn ò bá rí i ṣe níbí, òun á gbé e lọ bá àwọn tó wà ní Savalou. Àwọn àgbà mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú ti Ousmane. Ó nàró, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí mọ́tò yìí bá lọ Savalou tó sì bọ̀ tí iná yẹn ò ṣẹ́jú, ọjọ́ yẹn náà ni mo tú Razack sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́."

Razack wo àwọn àgbà lójú, ó rí i pé wọ́n gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kan mọ́tò náà.

Ó da epo inú rẹ̀ nù, ó bu tuntun sí i. Lábẹ́ igi, iná kú. Wọ́n gbé e jáde, wọn ò tíì kọjá ilé tó kẹ́yìn tó fi tàn. Ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n yí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, òun ló ń fi wáyà ránṣẹ́ sí iná pé epo rìn tàbí kò rìn. Aránṣẹ́ ni wọ́n ń pè é lábẹ́ igi náà. Razack wá òmíràn lára mọ́tò kan tó ti kú ní Savalou, ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Lábẹ́ igi, iná kú. Lójú ọ̀nà, ó tàn. Ó sùn sábẹ́ mọ́tò, ó ṣí ikùn ẹ́ńjìnnì, ó fọ ẹ̀rọ tó ń fa epo títí ó fi ń dán, epo dúdú ń kán sí i lójú, sí i lẹ́nu. Lábẹ́ igi, iná kú. Lójú ọ̀nà, kí ni kí n tún wí? Ó tàn!

Ọ̀gá wá ní kí wọ́n tú pátákó iwájú díẹ̀, kí òun fúnra òun wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí àwọn wáyà iná ń gbà. Àyè ibẹ̀ kò gbà ju orí ènìyàn kan lọ. Ousmane dọ̀bálẹ̀ sínú mọ́tò, ó ki orí bọ̀ ọ́, Razack sì ń na ọwọ́ tan tọ́ọ̀ṣì fún un láti òkè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó jáde, ó gbọn eruku kúrò lórí.

"Mo ti wò ó," ló wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ dè é padà."

Wọ́n dè é padà. Ó parí nìyẹn. Ibi tí ọ̀gá bá ti wò, ọmọṣẹ́ kì í tún un wò. Ẹni tó bá tún un wò, kò sí ohun mìíràn tó ń sọ ju pé, "Ọ̀gá, ojú yín fọ́." Ọmọ tí wọ́n bí ire kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Oṣù kẹfà parí. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà di ẹrẹ̀. Lójoojúmọ́ Razack ń tú ohun tó ti tú tẹ́lẹ̀, ó ń fọ ohun tó mọ́. Oúnjẹ ò wọlé sí i lọ́nà ọ̀fun. Bó bá di ojú, iná pupa ló ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi máńgòrò náà bí ẹni tó ń wo ògiri. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó dé abẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó ń rò ó pé bó bá yá, abẹ́ ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti gbé òun lọ sin.

Sakinatou bá lọ́rì ọjà wá sí Bantè. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló dẹ́rù ba Razack jù.

"Ẹnìkan ti ń wá sílé wa," ló wí. "Ó ní lọ́rì. Bàbá mi gbé àga fún un."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò gbé nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ni mò ń gbé, Razack. Wọ́n ti ń hú iṣu tó tètè ta ní ọ̀nà Koko, mo rí i bí mo ṣe ń bọ̀. Ṣe nǹkan!"

Ó lọ. Razack jókòó sínú mọ́tò Mùsé Félicien, ó wo iná tó ti kú náà, inú bí i débi pé ó fi ìka na ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ wáyà kúrò lórí aránṣẹ́, ó fi aṣọ dì í lẹ́nu, ó so ó sókè kó má kan irin kankan, nítorí bó bá kan irin, iná á tàn. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ Mùsé, ó gbé mọ́tò gba ọ̀nà Agoua, níbi tí kòtò pọ̀ sí. Ó wọ kòtò àkọ́kọ́, iná pupa tàn. Ó wọ ìkejì, ó tún tàn. Razack pariwo, òun nìkan, láàárín igbó. Ta ló ń ránṣẹ́ nígbà tí aránṣẹ́ ò sí nílé? Ẹ́ńjìnnì ò ṣẹ̀ rárá! Irọ́ ni iná náà ń pa láti ọjọ́ yìí wá. Ojú wáyà ni nǹkan wà, ó sì ń jí nígbà tí mọ́tò bá ń jó lójú ọ̀nà tí kò dára. Ìdí nìyẹn tí kò fi tàn lábẹ́ igi rí.

Ó fi ọwọ́ tọ wáyà náà láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, díẹ̀díẹ̀, títí dé ihò tó gbà wọ inú mọ́tò. Kò sí ibi tó bó. Ohun tó kù kò ju ẹ̀yìn pátákó lọ. Ẹ̀yìn pátákó tí Ọ̀gá ti wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé e sọ́kàn, tí kò lè ṣe é, tí kò lè gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo wọn lọ sí mọ́sálásí. Razack kò lọ, kí Ọlọ́run foríjì í. Ó tú pátákó, ó ki orí bọ̀ ọ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Kò tilẹ̀ wá a. Ó wà lójú rẹ̀ gan-an. Mẹ́dàlì Màríà kékeré kan ló rọ̀ síbẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n bàbà, èyí tí Geneviève so mọ́ irin lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ra mọ́tò, kí ẹni mímọ́ máa ṣọ́ wọn, kí àwọn ọmọ ilé ìwé má sì jí i. Bí mọ́tò bá ń jó, ẹ̀wọ̀n náà ń jó, ó sì ti jẹ aṣọ ara wáyà iná pupa yẹn títí bàbà inú rẹ̀ fi hàn síta, tó ń dán yanran. Bó bá kàn án, iná á tàn. Bí mọ́tò bá dúró, ẹ̀wọ̀n á yẹ̀ sẹ́yìn, iná á kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà á rí i.

Ọmọ ọdún mẹ́fà! Razack jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá wo ibí yìí. Ó pẹ́ níbí. Tọ́ọ̀ṣì ń tàn sí i. Ó rí i, ó ní kò sí nǹkan kan. Razack mọ ìdí rẹ̀, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí òun lọ. Ó ṣèlérí fún òun lójú àwọn àgbà, ó sì mọ̀ pé òun ò ní tún ibi tó ti wò wò láéláé. Ó fi ọ̀wọ̀ tí òun ní fún un ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Inú bí Razack. Ó ní lónìí, ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu òun.

Nígbà tí Ousmane ti mọ́sálásí dé nínú aṣọ funfun rẹ̀, ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà ti ń dún jẹ́jẹ́. Razack ti fi ẹ̀wọ̀n náà há wáyà lára, iná pupa sì ń tàn lójú pátákó láìṣẹ́jú.

"Kí ló dé tó ò wá kírun?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ẹ jókòó síbí, Ọ̀gá. Ẹ bá mi wo iná yẹn."

Ousmane jókòó sí àyè awakọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó kọjú sí pátákó, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Iná náà wà ní iwájú imú rẹ̀.

"Kí ni kí n wò níbẹ̀? Kò kúkú tàn."

Ẹ̀jẹ̀ ru sí Razack lójú. "Ọ̀gá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́! Mo ti tó bàbá ọmọ! Ṣé iná yẹn tàn, àbí kò tàn?"

"Mo ní kò..." Ohùn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti sọ ohun kan fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dìde, ó ń rìn lójú pátákó, ó kan aago, ó kan kọ́kọ́rọ́, ó ń wá a kiri. Ìka rẹ̀ bá gíláàsì iná náà. Ó gbóná. Ó fa ọwọ́ padà, ó gbé e lé itan.

Razack wo ojú ọkùnrin náà. Kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí a kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ojú náà là, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ń wò. Gbogbo nǹkan bá wá sí Razack lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rìnlá. Mẹ́wàá. Ka nọ́ńbà yẹn fún mi. Bí Ọ̀gá ṣe ń fọwọ́ kan igi máńgòrò kó tó jókòó. Bó ṣe jẹ́ pé kì í kí ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹni náà bá kọ́kọ́ fọhùn. Razack na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Láti ìgbà wo, Ọ̀gá?"

"Ọdún kejì rèé. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ. Mò ń rí òjìji. Mo máa ń mọ̀ pé ènìyàn ló dúró, mi ò ní mọ ẹni tó jẹ́."

"Ẹ ní ẹ ti wo ẹ̀yìn pátákó."

"Kí lo fẹ́ kí n wí?" Ohùn Ousmane le. "Kí n sọ ọ́ níwájú Mùsé àti àwọn àgbà pé Ousmane ò ríran mọ́? Ta ni yóò tún gbé mọ́tò wá fún afọ́jú?"

"Ọdún méjì, Ọ̀gá! Ọdún mi lẹ fi ń ríran!"

"Mo mọ̀," ni Ousmane wí. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sunkún. "Bí mo bá tú ọ sílẹ̀ nígbà yẹn, kí ni ì bá ṣẹ́ kù fún mi? Mo mọ ohun tí mo ṣe sí ọ. Ó ti tó. Ìwọ lo rí i, ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ní yẹ̀. Ohun kan ni mo tọrọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Razack ti kó èébú tó pọ̀ jọ fún ọjọ́ yìí, ó wá wọn, kò rí ọ̀kan mú. Ó ní, "Mi ò ní sọ." Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn.

Ó tú mẹ́dàlì náà, ó fi aṣọ mímọ́ dì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Geneviève nítorí pé ohun ẹ̀sìn ẹlòmíràn ni. Geneviève pa ọwọ́ mọ́ ẹnu, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é!" Ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ dígí mọ́tò. Razack dì wáyà. Lọ́jọ́ Sátidé, Mùsé Félicien lọ Savalou, ó bọ̀, iná ò ṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ìjọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo wọn lè wà níbẹ̀, wọ́n tú Razack sílẹ̀. Alàájì Idrissou àti Sakinatou ti Savalou wá, wọ́n sì dá ọjọ́ ìyàwó. Àtíkè bo Razack lórí, ó bọ́ sí i lójú. Nígbà tí Ọ̀gá fẹ́ fi sípánà lé e lọ́wọ́, sípánà náà lọ sí apá ibi tí kò sí ọwọ́. Razack yára gbé ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ́rì Savalou dúró létí ọ̀nà. Wọ́n gbé àpótí Razack sórí rẹ̀ láàárín àpò gàrí. Aṣọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti yẹtí tó rà fún Sakinatou. Ó ti dágbére. Ọ̀gá ti gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ti wúre fún un. Bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lọ́wọ́, mọ́tò kan ti Pira wọlé, ó ń wúkọ́. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń ro ẹjọ́. Ousmane ò tẹ́tí sí ẹjọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó o. Kò pẹ́ tó fi ìka kan ibì kan. "Ibí ni." Awakọ̀ náà mi orí, ó ní, "Àgbà ni yín, Ọ̀gá!"

Ousmane bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mẹ́rìnlá."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ọwọ́ náà wà nínú afẹ́fẹ́. Sípánà wà nílẹ̀, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Awakọ̀ Pira wo sípánà, ó wo ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú Ousmane. Ní ọ̀dọ̀ lọ́rì, wọ́n fọn fèrè. "Razack! À ń lọ o!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí irin lọ́rì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ó bínú. Ó bínú sí Ousmane, ó bínú sí ọwọ́ tó nà síta náà, ó bínú sí ara rẹ̀ jù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá, ó mú mẹ́rìnlá nílẹ̀, ó fi lé ọwọ́ náà.

Lọ́rì ò dúró dè é. Ó rí àpótí rẹ̀ tó ń mì lórí àpò gàrí títí ọ̀nà fi yà. Ó mọ̀ pé Sakinatou á ti dúró létí ọjà Savalou, pé àpótí nìkan ni wọn yóò gbé sọ̀ fún un.

Ousmane fi àtàǹpàkò ra sípánà náà, kò yíjú padà.

"Mo ti tú ọ sílẹ̀," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí awakọ̀ Pira má bàa gbọ́.

"Ẹ ti tú mi sílẹ̀, Ọ̀gá," ni Razack wí. "Apá ọ̀tún yín ni bóòtì tẹ́ ẹ fẹ́ tú yẹn wà. Ẹ sún ọwọ́ sí i díẹ̀."